Ọdún Kìn-ín-ní Wa ní Ìlú Kitakyushu

Ní ọjọ́ Sátidé kan tí kò tíì pẹ́ púpọ̀, mo fọ aṣọ ìtẹ́bùsùn funfun méjì, mo sì sá wọn sí ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Odógunyàn, níbi tí a ti ń rí òrùlé àwọn ilé-iṣẹ́ inú Ìkòròdú Industrial Estate lókèèrè. Nígbà tí mo fi máa ká wọn ní ìrọ̀lẹ́, eruku dúdú ti kún ara wọn. Ọmọkùnrin mi kékeré wò wọ́n títí, ó ní, "Màmá, ta ni ó da èédú sí aṣọ wa?" N kò tètè rí èsì fọ̀ fún un, nítorí pé ọkàn mi ti lọ sí ìlú kan tí ó jìnnà réré, níbi tí ìyá arúgbó kan ti fi ọwọ́ pa irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lára rí, tí omi sì lé ròrò sí i lójú, kìkì nítorí pé aṣọ náà funfun.

Ìlú náà ni Kitakyushu ní ilẹ̀ Jàpáànù. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í máa sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Èmi dé oko ẹlòmíràn. Mo sunkún níbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀, mo sì kọ́ ẹ̀kọ́ tí yunifásítì kò kọ́ mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìmọ̀ ìtọ́jú ilé gan-an ni iṣẹ́ tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kọ́ ọdún kìn-ín-ní náà ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin abiyamọ ẹlẹgbẹ́ mi.

Oṣù kẹwàá ọdún 2016 ni a gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ọkọ mi rí ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ gbà láti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Kyushu Institute of Technology, èmi náà sì gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ láti tẹ̀ lé e. Àkọ́bí wa obìnrin kò ju ọmọ oṣù mẹ́jọ lọ. Ẹ̀yìn mi ni ó wà nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú ní Fukuoka. Kitakyushu wà ní ìkángun àríwá erékùṣù Kyushu. Ìlú márùn-ún tí ó múlé ti ara wọn, èyí tí í ṣe Moji, Kokura, Wakamatsu, Yahata àti Tobata, ni a so pọ̀ di ẹyọ kan ní ọdún 1963. Tobata ni a ń gbé, ní ìtòsí afárá pupa gígùn kan tí wọ́n ń pè ní Wakato. Ìlú irin ni ìlú náà, nítorí láti ọdún 1901 ni ilé-iṣẹ́ irin ńlá ti ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Yahata. Nígbà tí mo rí àwọn òpó èéfín gíga wọn, mo ti múra sílẹ̀ fún eruku. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run mọ́ kedere, àwọn ènìyàn sì ń fi ìwọ̀ pẹja létí omi tí ó yí àwọn ilé-iṣẹ́ náà ká. Mo sọ nínú ọkàn mi pé, "Bí Ọlọ́run ti dá àwọn wọ̀nyí nìyẹn, ìmọ́tótó mọ́ wọn lára." Àṣìṣe gbáà ni èrò yìí, bí ẹ ó ti rí i níwájú.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ korò. Òtútù dé, ọkọ mi a jáde láàárọ̀, kò ní wọlé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, èmi àti ọmọ a sì wà nínú yàrá kékeré méjì láti òwúrọ̀ di alẹ́. N kò gbọ́ èdè, n kò sì lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ọjà. Ní ìgbà kan mo ra ohun tí mo pè ní iyọ̀, ọbẹ̀ ti hó lórí iná kí n tó mọ̀ pé ṣúgà ni. Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́ ilé, mo wọ bàtà wọ inú yàrá lọ, ẹni tí ó mú wa wá sì dákẹ́ lójijì bí ẹni pé mo tẹ oúnjẹ mọ́lẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ilé wọn a máa rẹlẹ̀ díẹ̀ sí inú ilé. Ibẹ̀ ni olúkúlùkù ń bọ́ bàtà sí, kí ìdọ̀tí ìta má baà dé ibi tí ọmọ ń rá kiri tí a sì ń tẹ́ ibùsùn sí.

Oúnjẹ ni ó kọ́kọ́ tù mí nínú. Mo rí ilá rà lọ́jà wọn. Mo rí ẹ̀wà pupa wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní azuki. Ṣúgà ni wọ́n fi ń sè é, ṣùgbọ́n èmi rẹ ẹ́, mo bó o, mo sì fi ṣe mọ́ínmọ́ín. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ìdérí natto, ẹ̀wà sọ́yà tí wọ́n sè tí wọ́n sì jẹ́ kí ó wú, òórùn ilé sì kọlù mí nímú. Kòkòrò àìfojúrí tí ó ń sọ sọ́yà di natto jẹ́ ìran kan náà pẹ̀lú èyí tí ó ń sọ hóró irúgbá di irú. Mo dà á sínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Ọkọ mi dé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ta ni ó kó irú wá láti ilé?"

Ọ̀rọ̀ pàǹtírí ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi padà sí Nàìjíríà. Ní ìlú náà, a kì í da ìdọ̀tí pọ̀. Ìdọ̀tí inú ilé ní àpò tirẹ̀ tí a ń rà ní ṣọ́ọ̀bù, ike ní tirẹ̀, agolo àti ìgò ní tiwọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ọjọ́ tí a ń gbé e síta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo kó ohun gbogbo sínú àpò kan ṣoṣo, mo gbé e lọ síbi tí àdúgbò ń kó wọn jọ sí, lábẹ́ àwọ̀n tí kì í jẹ́ kí kannakánná tú wọn. Nígbà tí mo padà jáde, wọ́n ti kó gbogbo àpò yòókù lọ. Tèmi nìkan ni ó jókòó síbẹ̀, wọ́n sì lẹ ìwé pélébé mọ́ ọn. Ojú tì mí, inú sì bí mi, nítorí mo rò pé àwọ̀ ara mi ni wọ́n rí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ìyá arúgbó tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa kan ilẹ̀kùn, àpò náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti múra ìjà. Kò sọ nǹkan kan. Ó bọ́ bàtà, ó tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó tú àpò náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọ́n sọ́tọ̀, ike síhìn-ín, agolo sọ́hùn-ún. Ẹni tí ó tó bí ìyá mi ni ó ń ṣa pàǹtírí mi! Mo kúnlẹ̀ tì í, a jọ ṣe é tán. Kí ó tó lọ, ó bèèrè orúkọ ọmọ mi, láti ọjọ́ náà ni ó sì ti ń fi orúkọ ọmọ pè mí, "ìyá lágbájá," gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ṣe nílé. Àlejò ni mo jẹ́ títí di ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà ni mo ti di ìyá ọmọ ní àdúgbò.

Ó kọ́ mi ní ohun púpọ̀. Ó ní ìkòkò kan tí ó kún fún èérí ìrẹsì tí a fi iyọ̀ àti omi pò, inú rẹ̀ ni ó ń ri kùkúńbà àti kárọ́ọ̀tì bọ̀ kí wọ́n lè kan díẹ̀. Ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó ti gbà á. Ojoojúmọ́ ni a gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ rò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò bàjẹ́.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, nígbà tí oòrùn padà dé, mo sá aṣọ ìtẹ́bùsùn funfun síta. Ìyá náà rékọjá wá, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀, omi sì lé sí i lójú. Pẹ̀lú ìwọ̀nba èdè tí mo ti gbọ́ àti ẹ̀rọ ìtumọ̀ inú fóònù mi, mo bi í léèrè ohun tí ó dé. Ó ní nígbà tí òun jẹ́ ìyàwó tuntun ní Tobata, kò sí ẹni tí ó jẹ́ sá aṣọ funfun síta kí ó má padà di dúdú.

Òtítọ́ ni ó sọ, ìtàn sì jẹ́rìí sí i. Ní ìgbà náà, èéfín àwọ̀ oríṣiríṣi ni ó bo ìlú náà mọ́lẹ̀. Omi Dokai, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń da ìdọ̀tí sí, burú dé ibi pé òkun òkú ni wọ́n ń pè é. Àwọn ìyá ilé ni wọ́n kọ́kọ́ dìde. Ní ọdún 1950, ẹgbẹ́ obìnrin Nakabaru ní Tobata gbé ọ̀rọ̀ eruku ilé-iṣẹ́ amúnáwá kan dìde, títí a fi fi ẹ̀rọ tí ń gba eruku mú sí i. Nígbà tí ó di àárín àwọn ọdún 1960, àwọn obìnrin Tobata ti ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì. Wọ́n ń sá aṣọ síta láti wo bí eruku ti pọ̀ tó. Wọ́n ń fi àkọsílẹ̀ èéfín wé iye ọmọ tí kò lè wá sí ilé-ìwé. Ní ọdún 1965, wọ́n gbé kámẹ́rà, wọ́n sì ya fíìmù tiwọn tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní "Aozora ga Hoshii", ìtumọ̀ èyí tí í ṣe "A Fẹ́ Ojú Ọ̀run Tí Ó Mọ́."

Ẹ má ṣe rò pé ó rọrùn. Inú àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú ọkọ wọn ti ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Bí obìnrin bá sọ̀rọ̀ èéfín, ó ń sọ̀rọ̀ sí àwo oúnjẹ tirẹ̀ nìyẹn. Ìyá náà sọ fún mi pé ó tó oṣù mélòó kan tí òun àti ọkọ òun kò fi jọ sọ̀rọ̀ yìí nínú ilé. Síbẹ̀ wọn kò sinmi. Wọn kò ní kí a ti ilé-iṣẹ́ pa. Wọ́n ní kí a gba eruku mú kí ó tó dé orí ọmọ. Nígbà tí ó ṣe, ìjọba ìlú àti àwọn ilé-iṣẹ́ bá ara wọn ṣe àdéhùn, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Jàpáànù ṣe òfin tuntun ní ọdún 1970, wọ́n sì gbẹ́ ẹrẹ̀ olóró kúrò nínú omi Dokai ní àárín àwọn ọdún 1970. Ẹja padà. Ní ọdún 1990, Àjọ Àgbáyé fún ètò àyíká dá ìlú náà lọ́lá.

Bí ọdún kìn-ín-ní wa ti parí, mo mọ̀ pé ohun tí mo pè ní àbínibí kì í ṣe àbínibí rárá. Àwọn obìnrin bí tèmi bí tiyín ni wọ́n fi ọwọ́ kàn án lójoojúmọ́, gẹ́gẹ́ bí ìyá náà ti ń ro ìkòkò èérí rẹ̀. Àwa tí a ń kọ́ni ní ìtọ́jú ilé a máa rò pé ẹnu ọ̀nà ni iṣẹ́ wa parí sí. Afẹ́fẹ́ kò mọ ẹnu ọ̀nà.

A padà sílé ní ọdún 2019, ọkọ mi sì rí iṣẹ́ sí ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ inú Estate. Nítorí náà, nígbà tí mo pe àwọn ìyá mẹ́rin ní àdúgbò wa nípa eruku, mo mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé baálé mi lẹ́nu iṣẹ́ ni?" Ọkọ tèmi náà dákẹ́ fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ni ó ní bí a bá máa sọ ọ́, kí a fi àkọsílẹ̀ sọ ọ́, kí a má fi ariwo sọ ọ́. Ohun tí a ń ṣe nìyẹn. Olúkúlùkù wa gbé àwo funfun kan sí ojú fèrèsé. Ní gbogbo Sátidé a ń fi aṣọ funfun nù ún, a sì ń kọ ọjọ́, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, àti ọmọ tí ó ń húkọ́ sínú ìwé. Ẹgbẹ́ àwọn onílé ti gba ẹ̀dà ìwé náà, wọ́n sì ti fi í ránṣẹ́ sí LASEPA, àjọ tí ń bójú tó àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Èsì kò tíì dé.

Kí èsì tó dé, iṣẹ́ wà nínú ilé. Níbi tí wọ́n bá ti ń yọ́ bátìrì àtijọ́ tàbí àlòkù irin, òjé lè wà nínú eruku, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ kankan tí a mọ̀ pé kò léwu. Ní Zamfara ní ọdún 2010, ó lé ní 400 ọmọ tí òjé inú eruku pa, níbi tí àwọn òbí ti ń lọ òkúta wúrà nínú agbo ilé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a máa bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ àti ojú fèrèsé dípò kí ẹ fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbé eruku sókè níwájú ọmọ. Ẹ fọ ọwọ́ ọmọ kí ó tó jẹun àti kí ó tó sùn. Ẹ má ṣe pa aṣọ iṣẹ́ baálé yín pọ̀ mọ́ aṣọ ọmọ nígbà ìfọṣọ. Ẹ má ṣe sá ẹlúbọ́ tàbí ata sí ẹ̀bá títì. Ẹ fún ọmọ ní ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja, wàrà àti ọsàn, nítorí pé ara tí ó bá jẹ irú oúnjẹ wọ̀nyí kánú kì í tètè gba òjé sára. Bí ẹ̀rù bá sì ń bà yín, ẹ béèrè fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ dókítà.

Ẹyọ ọwọ̀ kan kò lè gbálẹ̀. Àwa márùn-ún ni a bẹ̀rẹ̀ ní Odógunyàn. A ti di mọ́kànlá báyìí, ìyá tí ó bèèrè nípa iṣẹ́ baálé rẹ̀ sì wà lára wa. Ọmọbìnrin mi tí mo pọ̀n lọ sí Kitakyushu ni ó ń kọ ìwé náà fún wa ní gbogbo Sátidé, nítorí pé ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára ju tèmi lọ.