Ta Ló Jẹ Iná Inú Wáyà?

Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ akérò tí wọ́n ń pè ní tro-tro ní Kwame Nkrumah Circle nílùú Accra, tó kọrí sí Kokomlemle, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ọwọ́ ló ń lọ yẹn. Àdúgbò náà ni Accra Technical Training Centre wà, ATTC lẹ́nu ará ìlú, tí ìjọba Canada bá Ghana dá sílẹ̀ ní 1966. Accra New Town tó múlé gbè é, Lagos Town ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, nítorí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó tẹ̀dó síbẹ̀, tí Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Ní Tiptoe Lane, lẹ́bàá Circle, àwọn ọ̀dọ́ ń tú fóònù palẹ̀ lórí tábìlì kéékèèké láti àárọ̀ dalẹ́.

Iṣẹ́ tó ní í ṣe pẹ̀lú iná mànàmáná ní ìṣòro kan tí iṣẹ́ káfíńtà kò ní: ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ kò ṣe é fojú rí. Bí olùkọ́ bá so gílóòbù méjì tẹ̀léra mọ́ bátìrì kan, tó wá béèrè pé inú èwo ni iná púpọ̀ ń gbà kọjá, ọ̀pọ̀ ọmọ yóò ní ti àkọ́kọ́ ni. Lójú wọn, ẹ̀gbọ́n ti mú ẹran tirẹ̀, èyí tó ṣẹ́kù ni àbúrò yóò jẹ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Iye tó wọ gílóòbù kìíní náà ló jáde, òun náà ló sì wọ ìkejì. Agbára tí ìṣàn iná gbé dání ni gílóòbù ń gbà, bí ìgbà tí alárù, tí wọ́n ń pè ní kayayo l'Accra, bá dé ìsọ̀ oníbàárà: ẹrù ni wọ́n sọ̀ lórí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ń bá ọ̀nà lọ. Olùkọ́ lè sọ èyí nígbà mẹ́wàá, kó kọ ọ́ sójú pátákó, kí àwòrán tó ti wà lọ́kàn ọmọ má yẹ̀.

Irú ibi báyìí ni PhET ti wúlò. Carl Wieman, tó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú fìsíìsì ní 2001, ló dá a sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado, nílùú Boulder, ní 2002. Àwòrán tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fọwọ́ darí ló kún inú rẹ̀, fún fìsíìsì, kẹ́místírì, ìṣirò àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì lè gbà á sílẹ̀ kí wọ́n máa lò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú ti iná mànàmáná, ọmọ yóò fi ìka fa bátìrì, wáyà àti gílóòbù wá, yóò so wọ́n pọ̀, àwọn bọ́ọ̀lù wínníwínní tó dúró fún ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yóò sì máa rìn nínú wáyà. Eré kan náà ni wọ́n ń sá níwájú gílóòbù kìíní àti lẹ́yìn ìkejì. Tó bá fi bátìrì kún un, eré wọn yóò le sí i. Tó bá fi wáyà lásán so orí bátìrì mọ́ ìdí rẹ̀, iná yóò sọ lójú kọ̀ǹpútà, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò sì ní jó.

Ní 2005, àwọn olùwádìí ní Colorado gbé àbájáde kan jáde tó ya ọ̀pọ̀ olùkọ́ lẹ́nu. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan lo ohun èlò gidi nínú yàrá ìwádìí, àwọn kan lo PhET. Àwọn tó lo PhET ló ṣe dáadáa jù nínú ìbéèrè ìdánwò. Nígbà tí wọ́n sì kó wáyà àti gílóòbù gidi fún gbogbo wọn, àwọn yìí kan náà ló tò ó, tó sì ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa jù. Wáyà gidi fi àṣírí rẹ̀ pamọ́ sínú ọ̀rá. Èyí tó wà lójú kọ̀ǹpútà ṣí i sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwòrán tó ń rìn nìkan kò tó. Richard Mayer, onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá ní Yunifásítì California, Santa Barbara, ti fi hàn pé bí wọ́n bá fi orin àti ariwo tí kò kan ọ̀rọ̀ kún àlàyé bí mànàmáná ṣe ń kọ, ohun tí àwọn ènìyàn ń rántí ń dín kù ni. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ń ṣe ló ṣe kókó. Ní 2014, olùwádìí Scott Freeman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 225 jọ lórí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò ní yunifásítì. Níbi tí olùkọ́ nìkan ti ń sọ̀rọ̀, nǹkan bí 34 nínú 100 akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fìdí rẹmi. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe nǹkan, 22.

Ní Nàìjíríà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí gan-an nígbà tí ìjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé tábúlẹ́ẹ̀tì Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde ní 2013. Orúkọ náà dára púpọ̀: ọpọ́n Ifá kì í sọ nǹkan kan títí ìka babaláwo yóò fi tẹ ìyẹ̀rosùn. Àmọ́ ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ló pọ̀ jù nínú tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn, ohun tí ìka ọmọ lè yí padà kò tó nǹkan. Ilé-Ifẹ̀ ti gbìyànjú ohun tó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú: Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ darapọ̀ mọ́ iLab ti yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì darí ohun èlò gidi tó wà níbòmíràn.

Ní Ghana, àwòrán kan láti Sekyedomase, ní agbègbè Ashanti, lọ káàkiri ayé ní oṣù kejì 2018. Olùkọ́ tí wọ́n mọ̀ sí Owura Kwadwo Hottish ló fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ ya ojú ìwé Microsoft Word sára pátákó, nítorí BECE, ìdánwò àṣeparí ilé ẹ̀kọ́ girama kékeré, ń béèrè ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò sì ní ẹyọ kan. Microsoft pè é lọ sí Singapore, kọ̀ǹpútà sì dé ilé ẹ̀kọ́ náà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wúni lórí. Síbẹ̀, bọ́tìnnì tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì yà kò lè dá ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lóhùn.

Fóònù àtúnṣe láti Tiptoe Lane lè dá a lóhùn. Ó lè gbé PhET, bátìrì rẹ̀ sì lè gbé e la wákàtí kan dumsor, bí wọ́n ṣe ń pe iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ní Ghana, kọjá. Ohun tó yẹ kí olùkọ́ ṣe ni pé kó kọ́kọ́ ní kí ọmọ sọ ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀, kó tó tẹ bọ́tìnnì, kí àríyànjiyàn sì wáyé ní Ga, Twi tàbí Yorùbá. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n kọjá sídìí tábìlì iṣẹ́, níbi tí orí wáyà ti dípẹtà, tí ìdè kan ti tú, tí òórùn ọ̀rá tó ń jó sì ń sọ fún ọmọ pé kó yára pa iná.