Ìmọ́lẹ̀ Gẹ́gẹ́ bí Ọ̀nà Ìṣèwádìí Íọ́ọ̀nù Òdì nínú Plásmà

Íọ́ọ̀nù òdì ti háídrójìn ni átọ́ọ̀mù tí ó gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan kún tirẹ̀. Agbára tí ó so àlékún yìí mọ́ ọn kò ju nǹkan bí 0.75 eV lọ; nǹkan díẹ̀ ni í já a. Báwo wá ni a ṣe lè mọ iye wọn láìfọwọ́ kan plásmà tí wọ́n wà nínú rẹ̀? Ní Garching, ní Jámánì, ìmọ́lẹ̀ plásmà náà ni àwọn onímọ̀ ń yẹ̀ wò. Bí íọ́ọ̀nù òdì bá pàdé èyí tí ó ti pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, átọ́ọ̀mù tí ó tibẹ̀ jáde a máa fi kún ìmọ́lẹ̀ pupa (656 nm) ju aláwọ̀ aró (486 nm) lọ. Bí ìpín pupa sí aró bá ń ròkè, íọ́ọ̀nù òdì ń pọ̀ nìyẹn. Àmọ́ kí a ṣọ́ra: gbogbo ojú ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń wò ni ìmọ́lẹ̀ náà ti wá, kì í ṣe ibi kan pàtó.