Láti Òkè-Ọdẹ Dé Sókótó: Ọ̀nà Ẹyẹ àti Ọ̀nà Bàálù

Ẹni tó bá tẹ́ máàpù Nàìjíríà sílẹ̀, tó fi rúlà fa ìlà láti Òkè-Ọdẹ, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, lọ sí àríwá tààrà, yóò rí i pé ìlà náà á sọdá odò Ọya, á fi Kòǹtàgórà sí ọwọ́ ọ̀tún, á gba ìtòsí Zuru, á sì já sí Sókótó. Ìlú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà òòró kan náà, ní nǹkan bíi dígírì 5 sí ìlà-oòrùn Greenwich.

Èyí mú kí ìṣirò àlàfo wọn rọrùn. Dígírì kan láti gúúsù sí àríwá jẹ́ 60 máìlì àwọn atukọ̀ òkun, èyí tí àwọn awakọ̀ òfurufú náà ń lò. Máìlì yìí kan jẹ́ kìlómítà 1.852, nítorí náà dígírì kan ń lọ sí kìlómítà 111. Òkè-Ọdẹ wà ní bíi dígírì mẹ́jọ ààbọ̀ sí òkè ìlà agbedeméjì ayé, Sókótó sì lé díẹ̀ ní 13. Àlàfo wọn kò jìnnà sí kìlómítà 500.

Ẹyẹ ló ni iye yẹn. Ọmọ Òkè-Ọdẹ tó fẹ́ wọ bàálù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dojú kọ ìwọ̀-oòrùn, nítorí pápákọ̀ òfurufú Ìlọrin ló wà nítòsí, ó sì tún kọjá ìgboro Ìlọrin. Láti ibẹ̀, bíi 500 kìlómítà náà ni Sókótó. Ṣùgbọ́n Èkó tàbí Àbújá ni bàálù Ìlọrin sábà máa ń ná. Yóò lọ sí Àbújá, kìlómítà 310. Yóò wá ti Àbújá lọ sí Sókótó, kìlómítà 490. Ó di 800. Ìjókòó-dúró ní Àbújá kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó lè ju àkókò tí èèyàn lò lókè lọ.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ní àsìkò Hájì, bàálù máa ń gbéra ní Ìlọrin yìí kan náà lọ sí Jẹ́dà, ọ̀nà tó tó kìlómítà 4,000, ìlọ́po mẹ́jọ Sókótó! Èrò tó pọ̀ tó láti kún ìjókòó ló ń la ọ̀nà lójú òfurufú. Jíjìn tàbí sísún mọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan.

Àwọn ìlú ńlá àríwá pàápàá kò bọ́ nínú fífi Àbújá yípo yìí. Láti pápákọ̀ Sókótó sí ti Màídúgùrì jẹ́ bíi kìlómítà 865 bí a bá lọ tààrà. Ẹni tó bá gba Àbújá yóò fò tó 1,200.

Ẹ má sì gbàgbé ọyẹ́. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, eruku aṣálẹ̀ lè bo ojú pápá débi pé awakọ̀ kò ní rí ibi tí yóò bà sí. Bí bàálù tó ti Àbújá wá bá yí padà lókè Sókótó, àwọn èrò inú rẹ̀ á ti fò ju kìlómítà 900 lọ kí wọ́n tó tún sọ̀ sí Àbújá.