Bolt-action àbí semi-automatic: èwo ló yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìbọn yíyìn?

Lálẹ́ Sátidé tó kọjá, àbúrò mi kan tó ń kàwé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, fi fọ́tò méjì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo rò pé mọ́tò ló fẹ́ rà. Ìgbà tí mo ṣí i, ìbọn ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó," ló kọ sábẹ́ rẹ̀. "Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ máa lọ sí pápá ìyìnbọn ní wíkẹ́ńdì. Ọ̀kan bolt-action ni, ìkejì semi-automatic. Èwo ni kí n mú?"

Ẹ ò ní bá mi wí tí àyà mi bá já. Níbi tí mo dàgbà sí, téèyàn bá gbọ́ ìró ìbọn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń sá lọ. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, eré ìdárayá ni fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n á sanwó ní pápá, wọ́n á di etí, wọ́n á wọ awò ojú, wọ́n á máa yìn ín sára páálí. Torí náà mi ò pariwo mọ́ ọn. Mo fara balẹ̀ wádìí ọ̀rọ̀ náà, ohun tí mo rí nìyí.

Báwo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́?

Bolt-action ní irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó jọ irin tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Tẹ́ ẹ bá yìn ín tán, ẹ ó gbé irin yẹn sókè, ẹ ó fà á sẹ́yìn, èèpo ọta tó ti yìn á fò jáde. Ẹ ó tì í síwájú, ọta tuntun á wọlé. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ó ti tì nìyẹn. Àfìgbà tẹ́ ẹ bá ṣe gbogbo ẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó lè yìn ín lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn tó dàgbà jù wá lọ á rántí "Mark Four", ìbọn onígi gígùn táwọn ọlọ́pàá wa máa ń gbé kọ́ èjìká láyé ọjọ́sí. Bolt-action ni.

Ní ti semi-automatic, ìbọn fúnra ẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Agbára ọta tó ń jáde ló máa ti irin inú ẹ̀ sẹ́yìn, tó máa ju èèpo dànù, kí sípíríǹgì tó tì í padà pẹ̀lú ọta mìíràn. Ọwọ́ yín ò ṣe ju kó fa tírígà lọ. Àmọ́ ẹ má ṣì í mú o: tẹ́ ẹ bá fà á lẹ́ẹ̀kan, ọta kan ló máa jáde. Èyí tó ń rọ̀jò ọta bíi ti inú fíìmù, automatic nìyẹn, òfin tó de ìyẹn sì le ju èyí lọ fíìfíì.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú sùúrù

Àwọn ọdẹ wa tó ń lo ṣakabùlà mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìbọn yẹn ń dún. Kí ọdẹ tó ki ẹ̀tù mìíràn, ẹran ti dé abúlé kejì. Ìdí nìyẹn tí ọdẹ gidi kì í fi yìnbọn títí ọkàn ẹ̀ á fi balẹ̀. Ìwà yẹn gan-an ni bolt-action ń kọ́ni.

Ohun tó ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ láàmú jù ni pé ara wọn máa ń já kí ìbọn tó dún. Wọ́n ti ń retí ariwo, èjìká wọn á le, ìka wọn á ja tírígà gbà, ọta á gba ibòmíì lọ. Pẹ̀lú bolt-action, ẹ ní láti dúró lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó mí, ẹ ó wo ibi tí ọta yẹn bà, ẹ ó bi ara yín pé kí lẹ ṣe tó fi yà sọ́tùn-ún. Tó bá jẹ́ semi ni, ọta mẹ́wàá lè lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ihò mẹ́wàá á wà lára páálí, ẹ ò sì ní mọ èyí tẹ́ ẹ ṣe dáadáa nínú wọn. Owó tún ti lọ, torí owó lọta.

Ẹ wo àwọn tó fi í ṣiṣẹ́ ṣe. Nínú biathlon, eré orí yìnyín inú Òlíńpíìkì tí wọ́n ti ń sáré tí wọ́n sì ń yìnbọn, wọn kì í gba semi-automatic láyè rárá. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fa irin ìbọn wọn, bẹ́ẹ̀ àyà wọn á ṣì máa lù kìkì látinú eré tí wọ́n sá. Mítà 50 ni àmì wọn wà. Tí wọ́n bá dọ̀bálẹ̀ láti yìn ín, ibi tí wọ́n ní láti bà ò ju mìlímítà 45 lọ. Èyí tó yára kọ́ ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ń bà á.

Semi náà níyì tiẹ̀

Mi ò ní parọ́ mọ́ semi. Téèyàn bá ń lo ọta ńlá, semi kì í sábà ti èjìká tó bolt-action, torí irin tó ń lọ sẹ́yìn inú ẹ̀ máa ń gba díẹ̀ lára agbára yẹn. Ẹ ò sì ní máa ṣí ọwọ́ àti ojú kúrò níbi tẹ́ ẹ fi sí lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń lo ọwọ́ òsì náà á gbádùn ẹ̀, torí ọ̀tún ni irin ọ̀pọ̀ bolt-action wà, àfi kó wá èyí tí wọ́n ṣe fún ọlọ́wọ́ òsì. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà fi Ruger 10/22 kọ́ ìbọn, semi kékeré tó ti wà lọ́jà láti ọdún 1964, tó ń gba ọta mẹ́wàá.

Wàhálà ẹ̀ ni pé ó lè há. Tó bá há, ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò á kó sí i, á máa yí ìbọn kiri, ẹnu ẹ̀ á kọjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Fífọ̀ ẹ̀ náà gba iṣẹ́ ju ti bolt-action lọ, èyí tí wọ́n kàn máa fa irin ẹ̀ yọ, tí wọ́n á sì wo inú ẹ̀ látẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé bí ọta ṣe tóbi tó ṣe pàtàkì ju irú ìbọn lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, ọta .22 ni kó fi bẹ̀rẹ̀, yálà bolt-action ni o, semi ni o. Kò wọ́n, ariwo ẹ̀ ò pọ̀, kì í fẹ́ẹ̀ ti èjìká. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun ìṣeré. Lára páálí ọta .22, wọ́n máa ń kọ ọ́ pé ó lè rìn tó máìlì kan ààbọ̀, ìyẹn lé ní kìlómítà méjì. Ẹ mọ ohun tó wà lẹ́yìn àmì yín.

Ọta tó kù sínú

Èyí ló ń pa èèyàn. Ẹnì kan á yọ magasíìnì, ìyẹn àpótí kékeré tí ọta ń wà, á ní ìbọn ti ṣófo. Irọ́ ni. Ọta kan ṣì lè wà nínú ìbọn, níbi tó ti ń dúró de tírígà. Ti semi léwu jù níbí, torí òun fúnra ẹ̀ ló ń fa ọta mìíràn wọlé lẹ́yìn gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá yìn ín. Ní ti bolt-action, tẹ́ ẹ bá fa irin sẹ́yìn, ẹ fi í síbẹ̀, gbogbo èèyàn á rí i pé ó ṣí sílẹ̀. Èyí tó wù kẹ́ ẹ gbé, ẹ yọ magasíìnì, ẹ fa irin sẹ́yìn, ẹ fojú wò ó, ẹ fìka kàn án. Ẹ ṣe bíi pé ọta wà nínú ìbọn nígbà gbogbo, kẹ́ ẹ má sì fìka kan tírígà títí ẹ ó fi ṣe tán láti yìn ín.

Ìbéèrè tó yẹ kí n kọ́kọ́ bi í

Ìgbà tí mo ka òfin débì kan ni ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bù máṣọ. Mo pe àbúrò mi: "Físà wo lo fi wà níbẹ̀?" Ó ní, "Físà akẹ́kọ̀ọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n."

Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ò gbà kẹ́ni tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú físà ìgbà díẹ̀, títí kan ti akẹ́kọ̀ọ́, ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àfi tó bá bọ́ sábẹ́ àwọn àyè díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀. Èyí tí wọ́n ń lò jù ni láísẹ́ǹsì ìṣọdẹ tí ìpínlẹ̀ kan fún un, tí kò tíì kú. Kì í ṣe rírà nìkan o. Èyí téèyàn yá ní pápá pàápàá wà níbẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ẹ̀ lè tó ọdún 15, ó sì lè fa kí wọ́n dá èèyàn padà sílé. Ẹ má sì ní kí ọ̀rẹ́ tó ní ìwé ọmọ ìlú bá yín rà á sórúkọ ara ẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ lòun náà. Òfin yìí ò mú àwọn tó ní green card.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Gẹ̀ẹ́sì, òfin ti bá yín yàn. Lẹ́yìn tí ọkùnrin kan pa èèyàn 16 ní Hungerford lọ́dún 1987, wọ́n ṣòfin lọ́dún 1988 tó gbẹ́sẹ̀ lé semi-automatic, àfi ti .22. Ìwé àṣẹ ọlọ́pàá pọn dandan, ẹ sì ní láti ní ìdí tó dájú. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kẹ́ ẹ wọ ẹgbẹ́ ìyìnbọn tí ìjọba fọwọ́ sí.

Ẹni tó bá sì ń rò ó pé òun á gbé tòun wálé Nàìjíríà, kó yáa jókòó. Èèyàn ò gbọ́dọ̀ ní ìbọn níbí láìgbàṣẹ, àwọn irú kan sì wà tí òfin ò gbà fún ará ìlú rárá.

Ìdáhùn mi fún àbúrò mi rèé: bolt-action .22, lọ́wọ́ olùkọ́, ní pápá tó bófin mu. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ rí lọ́yà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ló bá ní òun máa sọ fáwọn ọ̀rẹ́ òun pé òun ò bá wọn lọ lọ́sẹ̀ yìí. Ọta ò tíì jáde, ó ti kọ́ sùúrù.