Bàbá tó ti fẹ̀yìn tì rí ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń wá láti àádọ́ta ọdún

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, làwọn baba wa ní wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló ṣẹ mọ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò lára lọ́dún 2023, nígbà tó hàn sí gbogbo ayé pé ọkùnrin kan tí kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, tí kò sì sí ní yunifásítì kankan, ló rí ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń wá láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún.

David Smith lorúkọ ọkùnrin náà. Ìlú Bridlington, létí òkun ní agbègbè Yorkshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ń gbé. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, ohun tó sì fẹ́ràn jù ni kó máa to oríṣiríṣi àwòrán pọ̀, kó máa wo bí wọ́n ṣe ń wọnú ara wọn.

Kí wá ni wọ́n ń wá gan-an? Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń lẹ táìsì mọ́ ilẹ̀ yóò tètè mọ̀ ọ́n. Táìsì onígun mẹ́rin máa ń bo ilẹ̀ láìsí àlàfo, ọ̀kan kì í sì í gun èkejì. Ṣùgbọ́n bákan náà ni gbogbo ibẹ̀ máa ń rí. Bí èèyàn bá ya àwòrán ilẹ̀ náà sórí ọ̀rá tó mọ́ gaara, tó sì sún ọ̀rá náà síwájú ní ìwọ̀n táìsì kan, ìlà orí ọ̀rá yóò tún bá ìlà ilẹ̀ mu régé. Ìbéèrè àwọn onímọ̀ ni pé: ǹjẹ́ a lè rí táìsì tó máa bo ilẹ̀ tí kò lópin, àmọ́ tó jẹ́ pé bó ti wù kí a sún ọ̀rá náà tó, àwòrán náà kò ní bá ara rẹ̀ mu láéláé?

Lọ́dún 1961, Hao Wang sọ pé òun ò rò pé ó lè ṣeé ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Robert Berger, ló fi hàn lọ́dún 1966 pé ó ṣeé ṣe, àmọ́ oríṣi táìsì 20,426 ló lò. Raphael Robinson dín in kù sí mẹ́fà lọ́dún 1971. Kó tó di ọdún 1980, Roger Penrose, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti dín in kù sí méjì péré. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá ẹyọ kan ṣoṣo. "Einstein" ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe nítorí gbajúmọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nì, bí kò ṣe pé "òkúta kan" ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí lédè Jámánì.

Nínú oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni Smith rí àwòrán kan tó ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́tàlá, tó jọ fìlà. Ó gé púpọ̀ nínú rẹ̀ láti ara bébà líle, ó tò wọ́n, ó sì rí i pé wọn kò fi àlàfo sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò rí ibi tí wọ́n ti ń tún ara wọn tò. Kò dá gbé e mọ́ra. Ó kọ̀wé sí Craig Kaplan, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì Waterloo, ní Kánádà. Lẹ́yìn náà ni Joseph Myers láti Cambridge àti Chaim Goodman-Strauss láti Amẹ́ríkà dara pọ̀ mọ́ wọn.

Ojú lásán kò tó fún irú iṣẹ́ yìí. Bí èèyàn bá to ẹgbẹ̀rún táìsì tí wọn kò tún ara wọn tò, ta ló mọ ohun tí ẹgbẹ̀rún kejì máa ṣe? Ẹ̀rí tó máa dúró títí láé ni wọ́n nílò, òun náà ni wọ́n sì gbé jáde ní ogúnjọ́, oṣù kẹta, ọdún 2023.

Síbẹ̀, àríyànjiyàn ṣẹlẹ̀. Fìlà náà kò lè bo ilẹ̀ tán àyàfi bí wọ́n bá dojú díẹ̀ nínú rẹ̀ dé, bí ìgbà téèyàn ń wò ó nínú dígí. Bẹ́ẹ̀, táìsì tó jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ló ń dán kò ṣeé dojú dé. Àwọn kan wá ní ohun tí wọ́n rí kì í ṣe ẹyọ kan, pé méjì ni.

Smith kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó padà sídìí bébà rẹ̀. Nínú oṣù karùn-ún ọdún kan náà, òun àti àwọn mẹ́ta náà tún gbé òmíràn jáde, tí wọ́n pè ní "Spectre", ìyẹn iwin. Wọ́n tẹ àwọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọrọdọ tó fi jẹ́ pé èyí tí wọ́n bá dojú dé kò ní lè bá èyí tó dojú sókè wọ ara wọn. Báyìí ni ẹnu àwọn alátakò ṣe wọhò.

Irú ìmọ̀ yìí kì í ṣe eré lásán. Lọ́dún 1982, Dan Shechtman rí irin àdàlù kan tí àwọn ẹyọ kéékèèké inú rẹ̀ tò létòlétò láìtún ara wọn tò. Àwọn kan bẹnu àtẹ́ lù ú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀hún ló gba ẹ̀bùn Nobel fún un lọ́dún 2011. Àwòrán bíi ti Penrose ló ran àwọn onímọ̀ lọ́wọ́ láti lóye irú irin bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 2024, iṣẹ́ Smith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde nínú Combinatorial Theory, ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ tó ń yẹ ọ̀nà tí a lè gbà to nǹkan pọ̀ wò. Orúkọ èèyàn mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀. Ti bàbá onítẹ̀wé ló ṣíwájú.