Owó Ọjà, Owó Ìlú

Láti ṣọ́ọ̀bù ìyá wa ní Òrù lọ̀rọ̀ tòní ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi tó ń bójú tó o pè mí: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹbí ní ká dáwó sí gbọ̀ngàn tí ìlú ń kọ́. Ṣé ká yọ ọ́ nínú owó ọjà ni?"

N kò tètè rí èsì fún un. Ní Ìjẹ̀bú, ẹni tó rówó tí kò rántí ilé, bí ẹni tí kò rówó ló rí. Ìtàn ọkùnrin méjì ló wá sọ́kàn mi.

Tan Kah Kee ni wọ́n bí ní Jimei, ní Ṣáínà, ní 1874. Òwò rọ́bà ní Singapore sọ ọ́ di olówó ńlá. Lójú àwọn ará ibẹ̀ náà, ohun téèyàn bá rí lókè òkun gbọ́dọ̀ dé ilé. Ó kọ́ ilé ìwé sí Jimei ní 1913, ó sì dá Yunifásítì Xiamen sílẹ̀ ní 1921. Nígbà tí ọjà dẹnu kọlẹ̀ káyé lẹ́yìn 1929, kò yéé ná owó síbẹ̀. Ní 1934, iléeṣẹ́ rẹ̀ wọlé. Ní 1937, ó fa yunifásítì náà lé ìjọba lọ́wọ́.

Nítòsí wa, Olóyè Timothy Adeola Odutola dá ilé ìwé girama sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1945. Ó tún ṣe táyà. Ọ̀dọ́ mélòó ló mọ táyà Odutola lónìí? Àmọ́ ilé ìwé náà ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ohun tí a fún ìlú lè pẹ́ ju ọjà lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí ọjà bá kú, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń jẹun níbẹ̀ ńkọ́? Àwọn náà nìlú.

Mo dá àbúrò mi lóhùn: "Kọ́kọ́ ra ọjà padà, san owó àwọn ọmọ iṣẹ́ méjèèjì. Nínú èrè tó bá kù, fi ìdá kan nínú mẹ́wàá sí àkáǹtì ọ̀tọ̀. Ibẹ̀ la ó ti máa fún ìlú."

Owó tó wà níbẹ̀ báyìí kò tó ohun tí ẹbí ń retí. Èmi ni mo máa wá sí Òrù lọ́jọ́ Àìkú láti sọ ọ́ fún wọn. Ẹ bá mi gbàdúrà. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.