Ṣé o mọ̀? Láti adágún Bled dé ibi iyọ̀ Piran

Ṣé o mọ̀ pé láàárín wákàtí díẹ̀, èèyàn lè kúrò létí adágún àárín òkè dé etí òkun Adriatic, láì jáde ní Slovenia? Etí òkun orílẹ̀-èdè náà kò tilẹ̀ tó 50 kìlómítà.

Láàárín adágún Bled, ṣọ́ọ̀ṣì kan wà ní erékùṣù. Pletna, ọkọ̀ onígi, ló ń gbé èrò débẹ̀. Ìdúró ni atukọ̀ rẹ̀ máa ń wà. Ọkọ̀ kan á gba èèyàn mẹ́wàá tó jọ rìn. Bí wọ́n bá gúnlẹ̀, àtẹ̀gùn 99 ṣì kù. Àṣà ibẹ̀ ni kí ọkọ gbé ìyàwó tuntun gùn ún tán!

Ní ti etí òkun, Gbàgede Tartini ní ìlú Piran, èbúté ni tẹ́lẹ̀; ọdún 1894 ni wọ́n dí i. Ṣùgbọ́n ibi iyọ̀ Sečovlje, nítòsí ibẹ̀, ni n bá ní kí o ti pẹ́ jù. Ọwọ́ ni wọ́n ṣì fi ń kó iyọ̀ níbẹ̀. Wọ́n á darí omi òkun sínú kòtò pẹrẹsẹ, oòrùn àti afẹ́fẹ́ á fà á gbẹ. Petola, ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín wà nínú rẹ̀, ni kì í jẹ́ kí iyọ̀ kan ẹrẹ̀. Òun ló ń mú kí iyọ̀ náà funfun báláú.